Ilà Ojú Bàbá Oyèyẹmí

Àwọn èrò ọkọ̀ tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ máa ń rò pé ìlú kan náà ni Ìkirè àti Apòmù, nítorí pé ilé ò fi bẹ́ẹ̀ dá láàárín wọn. Àṣìṣe ni. Ìlú méjì ni wọ́n, ọba méjì ló sì wà níbẹ̀. Ọmọ Apòmù tí o bá pè ní ọmọ Ìkirè yóò dá ọ lóhùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ náà ṣe sí ọ lẹ́nu.

Ọmọ Apòmù ni Hameedat Kòkúmọ́. Ìsọ̀ rẹ̀ wà ní ẹnu ọ̀nà ọjà: tábìlì kan, agboòrùn ńlá kan tí òjò ti mú kí àwọ̀ rẹ̀ ṣá, àti láptọ́ọ̀pù kan tí díẹ̀ nínú àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ ti yọ kúrò. Hameedat Olórin ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni kò kọ orin rí láyé rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa da orin, wáàsí, ìwàásù, ewì àti fíìmù sínú mẹ́mọ́rì fóònù. Ẹni tó ń gbé ìgboro lè rò pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti kú, pé gbogbo ènìyàn ló ti ní dátà. Gbogbo ènìyàn kọ́. Ní àwọn abà tó wà lẹ́yìn Wásinmi, níbi tí wọ́n ti ń dá oko kòkó, ẹni tó bá fẹ́ pe ọmọ rẹ̀ ní Èkó ní láti gun òkúta kó tó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Nítorí náà, bí àwọn ará abà bá wá ná ọjà Apòmù, wọn a yọ mẹ́mọ́rì wọn fún Hameedat, wọn a lọ ra iyọ̀ àti ẹja, kí wọ́n tó padà dé, mẹ́mọ́rì ti kún.

Ó mọ ohun tí oníkálukú ń fẹ́. Ó mọ bàbá tó máa ń béèrè ìwàásù ṣùgbọ́n tó ń fẹ́ kó fi fíìmù ìjà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí ìyàwó kò ti ní tètè rí i. Ó mọ ìyá tó jẹ́ pé orin arò nìkan ló ń gbọ́ láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti kú. Kì í fi ọ̀rọ̀ ẹnì kan sọ fún ẹnìkejì, ìdí sì nìyẹn tí ìsọ̀ rẹ̀ kì í fi í dá.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé ń tún rédíò ṣe. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí abà Olókùúta, lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá dá oko sí ilẹ̀ àwọn ará Apòmù. Hameedat lọ sí ilé-ìwé gíga, ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò owó, ó gba ìwé ẹ̀rí, kò sì rí iṣẹ́ tí ìwé náà ń wí. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni ọwọ́ rẹ̀ ti mọ àwòrán yíyà. Tìmí Fáṣadé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ya fọ́tò ìgbéyàwó ní Ìkirè, ló kọ́ ọ bí a ti í mú kí àwòrán rìn, kó gbé ọwọ́, kó yanu sọ̀rọ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ yìí gba sùúrù. Kí ènìyàn inú àwòrán tó gbé ìgbésẹ̀ kan, ẹni tó ń yà á ti yà á lọ́pọ̀ ìgbà.

Fíìmù àkọ́kọ́ tí àwọn méjèèjì jọ ṣe dá lórí gọ́tà tó wà níwájú ibùdókọ̀. Ewúrẹ́ kan ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ó ń ka orúkọ gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn ń dà sí gọ́tà náà, ó ní òun ewúrẹ́ pàápàá kò lè jẹ ẹ́. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ara wọn lórí WhatsApp, kò sì pẹ́ tí àwọn onílé àdúgbò náà fi gbé ṣọ́bìrì. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn ọ̀dọ́ méjì yìí ti gbà pé àwòrán lè ṣe ohun tí ìkéde alága àdúgbò kò lè ṣe. Òótọ́ sì ni. Àmọ́ wọn kò tíì mọ̀ pé ewúrẹ́ kì í ní ìbátan tó máa bínú.

Nínú oṣù òjò, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ń fín oògùn sí kòkó kí ó má baà dúdú lórí igi, obìnrin kan wá láti Olókùúta, kò mú mẹ́mọ́rì kankan dání. Olúwapẹ̀lúmi ọmọ rẹ̀ wà ní ọsibítù ní Ìkirè. Omi ni ọmọ náà mu. Inú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ti lo oògùn kòkó inú rẹ̀ tán ni omi ọ̀hún wà. Ìyá ọmọ ń bura pé òun fi eérú àti ọṣẹ fọ kẹ́ẹ̀gì náà, òun sá a sí oòrùn, òun gbé imú sí i lẹ́nu, kò rùn mọ́.

Hameedat mọ̀ pé kò purọ́. Bí wọ́n ti ń ṣe ní gbogbo abà nìyẹn. Kẹ́ẹ̀gì oògùn lágbára, ìdérí rẹ̀ kì í jò, ta ni yóò ju irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nù? Wọn a fọ̀ ọ́, wọn a gbóòórùn rẹ̀. Bí kò bá ti rùn mọ́, ó ti di ti omi, tàbí ti epo pupa. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé ike máa ń mu oògùn sára bí aṣọ ti ń mu aró. Òórùn lè lọ kí oògùn dúró.

Ọmọ náà yè, wọ́n gbé e padà sílé. Ṣùgbọ́n ọkàn Hameedat kò padà sílé. Bàbá tó bí ìyá rẹ̀, Bàbá Oyèyẹmí, ń gbé ní Olókùúta yìí kan náà, kẹ́ẹ̀gì funfun kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ tó ń bu omi mu nínú rẹ̀ láti ìgbà tí Hameedat ti mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ó gun ọ̀kadà lọ bá a. Ó ṣàlàyé títí, ó bẹ̀ ẹ́. Bàbá gbọ́ ọ dé òpin, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Àbẹ̀kẹ́," ó fi oríkì pè é, "omi inú kẹ́ẹ̀gì yìí lo mu dàgbà. Ṣé òkú ló ń bá mi sọ̀rọ̀ ni?"

Hameedat padà sí Apòmù, ó pe Tìmí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ fíìmù tuntun.

Nínú fíìmù yìí, bàbá àgbẹ̀ kan fi eérú fọ kẹ́ẹ̀gì oògùn, ó ti imú bọ̀ ọ́, ó ní, "Kò rùn mọ́!" Ó rọ omi sí i, ó mu. Ó tún mu. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, ojú rẹ̀ ń yí bíi ti ẹni tí òòyì kọ́. Nígbà náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ìlú, tó wọ gíláàsì, tó ki ẹ̀wù sínú ṣòkòtò, yóò wọlé láti là á lọ́yẹ̀ pé kẹ́ẹ̀gì oògùn kò ṣeé lò fún nǹkan mìíràn, pé kí a fi omi ṣan án dáadáa sínú pọ́ǹpù ìfínkòkó, kí a fi ọ̀bẹ lu ú ní ihò, kí a kó o padà fún ẹni tó ń ta oògùn. Tìmí ló sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí onígíláàsì. Òun náà ló tún ohùn ara rẹ̀ ṣe, tó fi gbọ̀n bíi ti arúgbó. Bàbá Kò-rùn-mọ́ ni wọ́n sọ bàbá inú fíìmù náà.

Nígbà tí Hameedat fẹ́ ya ojú bàbá yìí, kò ronú rárá. Ojú arúgbó kan ṣoṣo ló mọ̀ dunjú láyé. Ọwọ́ rẹ̀ ya iwájú orí tó gbòòrò, ó ya irùngbọ̀n tín-ínrín, lẹ́yìn náà ó ya gọ̀mbọ́, ilà tó ti ẹ̀bá orí wá, tó sì yípo sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, àti ìbàmú kan tó gba orí imú kọjá. Nígbà tó yà á tán, ó wò ó, inú rẹ̀ dùn, nítorí pé ojú náà wuyì lójú rẹ̀. Ìfẹ́ ló fi yà á. Kò rántí pé ẹni tó máa wò ó kò ní rí ìfẹ́. Ilà ni yóò rí.

Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, gbogbo mẹ́mọ́rì tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá ni ó fi fíìmù náà sí, ní òkè pátápátá, láì gba kọ́bọ̀. Fíìmù náà ràn ní Apòmù àti Ìkirè. Àwọn ọmọ ilé-ìwé a ti imú bọ ife tíì, wọn a ní, "Kò rùn mọ́!" Ẹnì kan ní òun gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn awakọ̀ ní Aṣéjirè. Tìmí ní iṣẹ́ ti ṣe.

Ọjọ́ ọjà mìíràn dé, ará Olókùúta kankan kò yà sí ìsọ̀ Hameedat. Èyí tó tún tẹ̀ lé e dé, bákan náà ni. Wọ́n ń gba iwájú rẹ̀ kọjá, wọ́n ń kọjú sí ọ̀nà ibòmíràn. Ìyá rẹ̀ ló wá ṣí i létí. Ó ti lọ kí bàbá rẹ̀ lábà, ohun tó bá níbẹ̀ kò ṣeé gbé mì.

Àwọn ará abà ti péjọ síta ilé Bàbá Ọládélé, olórí wọn, láti wo fíìmù. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí ojú bàbá inú fíìmù fi kún fóònù. Ẹ̀rín dákẹ́. Ẹnì kan ní, "Oyèyẹmí nìyí." Òmíràn ní kì í ṣe Oyèyẹmí nìkan, ó ní kí wọ́n wo ojú ara wọn. Gọ̀mbọ́ ni gbogbo àgbà tó wà níbẹ̀ ní. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti di ti onílẹ̀ àti ẹni tó gba ilẹ̀ dáko: wọ́n ní ọmọ Apòmù ló jókòó lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, tó ń fi ojú ará Ògbómọ̀ṣọ́ ya òmùgọ̀ fún gbogbo ayé wò. Àwọn ọmọdé abà ti ń pe Bàbá Oyèyẹmí ní Bàbá Kò-rùn-mọ́ lẹ́yìn ilé. Ó ti ṣíwọ́ àtijókòó síta.

"Kẹ́ẹ̀gì wọn ńkọ́?" Hameedat béèrè.

"Kẹ́ẹ̀gì?" Ìyá rẹ̀ kùn hùn-ún. "Wọ́n ti kó wọn síta, ní ẹnu ọ̀nà, kí gbogbo ẹni tó ń kọjá lè rí i. Àwọn tí kì í mu nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ pàápàá ti ń mu. Bàbá mi ń mu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. A ní kí o fẹ́ wa lójú, ìwọ fi ata sẹ́nu."

Hameedat kò jẹun lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe pé ẹnu àwọn ènìyàn ń bà á lẹ́rù. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé bàbá àgbà tó fẹ́ yọ nínú oògùn ti ń mu oògùn náà nítorí rẹ̀, ní àmutẹ́rùn, kí ó lè fi hàn pé òun kì í ṣe òmùgọ̀.

Òun àti Tìmí jókòó ti láptọ́ọ̀pù, wọ́n pa ilà náà rẹ́ lójú bàbá inú fíìmù, àwòrán kan lẹ́yìn òmíràn. Tìmí ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Hameedat ní kí wọ́n gbé e lọ sí abà fúnra wọn.

Òótọ́ ni ìyá rẹ̀ sọ. Kẹ́ẹ̀gì wà ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé wọ́n ń tà á. Àwọn àgbà wà níta ilé Bàbá Ọládélé, wọn kò yí ìjókòó padà nígbà tí Hameedat kúnlẹ̀.

"Ọmọ onílẹ̀ dé," Bàbá Ọládélé wí. "Ẹ yára bo ojú yín o, kó má baà yà á."

"Tèmi ò ṣeé yà," bàbá kan dáhùn. "Báyìí tí ilà mi pọ̀ yìí, kọ̀ǹpútà ẹ̀ á kú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. Hameedat tọrọ àforíjì, ó ṣí láptọ́ọ̀pù, ó fi èyí tí wọ́n tún ṣe hàn wọ́n. Wọ́n wò ó dé ìparí, nítorí pé ará abà kì í kọ fíìmù.

"Ta nìyí?" Bàbá Ọládélé béèrè.

"Àgbẹ̀ kan ni, sà."

"Àgbẹ̀ ibo? Ojú ẹ̀ dán bí àwo. Ará Ìbàdàn ni." Ó yíjú sí àwọn yòókù. "Ẹ jẹ́ kó máa mu ún. Àbí oko ta ló ti ń mu ún?"

Tìmí fẹ́ là wọ́n lọ́yẹ̀ nípa bí ike ti ń fa oògùn mọ́ra. Wọn kò jẹ́ kó jìnnà. Ohùn rẹ̀ ni wọ́n dá mọ̀. "Hẹn-ẹn, onígíláàsì nìyí," bàbá kan wí. "Gíláàsì ẹ dà? Ṣé o gbàgbé ẹ̀ sínú fíìmù ni?" Tìmí bojú wolẹ̀. Bàbá Ọládélé bu omi nínú kẹ́ẹ̀gì ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó mu ún tán lójú wọn, ó nu ẹnu.

Hameedat fi Tìmí sílẹ̀ níbẹ̀, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ sí yàrá bàbá rẹ̀ àgbà.

Bàbá Oyèyẹmí jókòó sí etí ibùsùn. Ó ti rù. Hameedat kúnlẹ̀, ó kí i, bàbá dáhùn ìkíni rẹ̀ bí a ti ń dá àlejò lóhùn, kò pè é ní Àbẹ̀kẹ́. Lẹ́yìn náà ó fa kẹ́ẹ̀gì funfun náà sọ́dọ̀, ó bu omi sí ife, ó na ife náà sí i.

"Gba omi mu ná, ká tó sọ̀rọ̀."

Ẹni tí kò bá mọ ilé Yorùbá lè sọ pé kí ló ṣòro níbẹ̀, kó ní òùngbẹ kò gbẹ òun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi ni a fi ń gba àlejò, òun ni a sì fi ń mọ ẹni tó ní ìjà nínú. Ẹni tó bá kọ omi ọwọ́ àgbà lẹ́yìn ìjà ti sọ pé ìjà kò tíì parí. Bàbá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Hameedat náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sì mọ ohun tó wà nínú ike yẹn ju bó ti mọ orúkọ ara rẹ̀ lọ.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ife. Ó wo omi náà. Ó mọ́ gaara. Ó ronú kan Olúwapẹ̀lúmi. Ó ronú pé bí òun bá gbé e sílẹ̀, bàbá yìí kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu òun mọ́ títí yóò fi kú, ikú náà sì lè má jìnnà.

"Bàbá," ó ní, "ẹ̀rù ń bà mí. Àmọ́ n kò ní kọ omi yín."

Ó gbé ife sí ẹnu.

Ọwọ́ bàbá ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Arúgbó tó máa ń pẹ́ kó tó dìde nílẹ̀ ti gbá ife náà mú kó tó kan ètè rẹ̀. Omi dà sílẹ̀. Àwọn méjèèjì ń wo ilẹ̀ tó ń fà á mu.

Bàbá gbé ife kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Èmi lè máa mu ún," ó ní. "Mo ti gbó. Ṣùgbọ́n ojú mi báyìí, kí ìwọ mu ún? Rárá."

"Ẹ ti gbà pé kò dáa nìyẹn, Bàbá?"

"Má bi mí ní ìbéèrè kóòtù." Ó nu ọwọ́ sí ṣòkòtò. "Ṣé o rò pé nítorí pé o ya ojú mi ni mo ṣe ń bínú? Bàbá tó bí mi ló mú mi lọ sọ́dọ̀ olóòlà. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, n kò sunkún nítorí rẹ̀ mọ́ láti ìgbà yẹn. Ojú mi kò tì mí lójú. Ohun tó dùn mí ni pé mo wo fíìmù rẹ látòkè dé ìsàlẹ̀, mo ń wá ẹnì kan tó ní ilà tó sì gbọ́n. Kò sí. Ẹni tó ní ilà ni kò gbọ́n. Ẹni tó gbọ́n, ojú ẹ̀ dán, ó tún wọ gíláàsì. Ṣé báyìí lo ṣe ń rí wa, Àbẹ̀kẹ́?"

Hameedat fẹ́ dáhùn pé rárá, ṣùgbọ́n kò yára. Ó kọ́kọ́ wo fíìmù náà nínú ọkàn rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì rí i pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni òun yà á. Kò sí ẹni tó ní kó yà á bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n yà. Omi lé sí i lójú.

"N kò mọ̀ pé mo ṣe bẹ́ẹ̀," ó ní. "Ẹ dárí jì mí. Mo sì tún pa ilà náà rẹ́, mo rò pé mo tún un ṣe."

"O pa á rẹ́?" Ó jọ pé èyí dùn ún ju ti àkọ́kọ́ lọ. "O wá pa mí rẹ́ pátápátá. Dá a padà. Kí o sì fún ọlọ́gbọ́n náà ní ilà."

Báyìí ni iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Bàbá Oyèyẹmí fúnra rẹ̀ ló jáde sí ìta ilé Bàbá Ọládélé, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n rí i níta láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ó sọ fún wọn pé ọmọ ti bẹ̀bẹ̀, òun ti gbà, àti pé ará abà ni gbogbo ẹni tó máa wà nínú fíìmù tuntun, òmùgọ̀ àti ọlọ́gbọ́n. Onígíláàsì kò ní sí níbẹ̀ mọ́. Tìmí ní òun kò bínú. Òun yóò máa gba ohùn wọn sílẹ̀.

Ìjà mìíràn ló wá bẹ́ sílẹ̀. Gbogbo wọn ló fẹ́ jẹ́ ọlọ́gbọ́n. Bàbá Ọládélé, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi ìgbéraga tán, ní ipò òun nìkan ti tó, òun ni kí wọ́n yà. Bàbá tó ní ilà òun pọ̀ ti ń yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí oòrùn kí Hameedat lè rí i dáadáa. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ́ Bàbá Kò-rùn-mọ́? Ẹnì kan ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò pátápátá. Hameedat ṣàlàyé pé bí kò bá sí ẹni tó ṣe àṣìṣe, ìtàn kò sí, ẹ̀kọ́ kò sì sí. Wọ́n gbà pé òótọ́ ni, síbẹ̀ oníkálukú ń wo ẹnìkejì.

"Èmi náà ni," Bàbá Oyèyẹmí wí.

Wọ́n yíjú sí i.

"Wọ́n ti mọ̀ mí tẹ́lẹ̀," ó ní. "Ẹ gbé ojú tiyín fún ọlọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n n kò ní kú síbi àìgbọ́n o, Àbẹ̀kẹ́. Kí ó yí padà kó tó parí. Kí àwọn ènìyàn rí i níbi tó ti ń yí padà."

Inú yàrá Bàbá Oyèyẹmí ni wọ́n ti gba ohùn sílẹ̀. Tìmí fi aṣọ òkè àti fóòmù ibùsùn di ojú fèrèsé kí ariwo má wọlé, síbẹ̀ àkùkọ kan ń kọ nígbàkígbà tí Bàbá Ọládélé bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n rẹ̀, títí wọ́n fi fi apẹ̀rẹ̀ dé e mọ́lẹ̀. Bàbá Oyèyẹmí kò kà nínú ìwé. Ó sọ ohun tó ti ń sọ láti ìgbà pípẹ́: pé omi yìí ni òun mu dàgbà, pé kò rùn mọ́, pé ṣé òkú ló ń bá wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tó kan ibi tí bàbá inú fíìmù yóò ti yí padà, ó ní, "Mo bù ú fún ọmọ ọmọ mi, mo sì rí i pé n kò lè wò ó kó mu ún. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀." Kò sí ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yìí fún un. Tìmí gbójú sókè wo Hameedat. Hameedat ti kọjú sí ògiri.

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, bàbá gbé kẹ́ẹ̀gì funfun náà jáde fúnra rẹ̀, ó da omi inú rẹ̀ sí ilẹ̀ yangí jìnnà sí kànga, ó fi ọ̀bẹ lu ú. Ike náà le, ó ní láti lu ú lọ́pọ̀ ìgbà. Kò pe ẹnikẹ́ni láti wò ó.

A kò ní purọ́ pé gbogbo ayé yí padà. Fíìmù kejì kò ràn ní ìgboro tó ti àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ ilé-ìwé Ìkirè ní ti àkọ́kọ́ pa àwọn lẹ́rìn-ín jù. Ṣùgbọ́n a kò ṣe é fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Láti abà dé abà lẹ́yìn Wásinmi, àwọn àgbẹ̀ ń wò ó, wọ́n ń tọ́ka sí ilà, wọ́n ń bi ara wọn pé ọmọ ilé ta ni eléyìí. Ní Olókùúta, wọ́n kó kẹ́ẹ̀gì kúrò ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n lu wọ́n ní ihò, wọ́n sì kó wọn sínú àpò fún ẹni tó ń ta oògùn kòkó ní Ìkirè. Bàbá Ọládélé ló ń pàṣẹ bí ẹni pé òun ló kọ́kọ́ rò ó. Àwọn kan ṣì wà tó fi tiwọn pa mọ́ sábẹ́ ibùsùn. Bàbá tó ní ilà òun pọ̀ wà lára wọn. Ìyàwó rẹ̀ ló tú àṣírí.

Ní ọjọ́ ọjà kan lẹ́yìn òjò, Bàbá Oyèyẹmí wá sí Apòmù. Ó ti pẹ́ tó ti wá síbẹ̀ gbẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ ló máa ń ní ó ń dun òun. Ó jókòó sábẹ́ agboòrùn Hameedat, lórí àga tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí, ó ń wo àwọn tó ń wọ ọjà. Hameedat ń da ìwàásù sí mẹ́mọ́rì kan, ó ń fi ìdajì ojú ṣọ́ ọ. Ọkùnrin kan tó gbé kẹ́ẹ̀gì epo pupa lé èjìká ń kọjá lọ. Ó dúró, ó padà sẹ́yìn, ó wo ojú bàbá náà dáadáa, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin kọ́ ni Bàbá Kò-rùn-mọ́?"

Ọwọ́ Hameedat dúró lórí bọ́tìnnì. Ó ti ń múra láti dáhùn fún un.

"Èmi ni," Bàbá Oyèyẹmí wí. Ó fi àga mìíràn hàn ọkùnrin náà. "Sọ ẹrù ẹ kalẹ̀, kó o jókòó. Kí ló wà nínú kẹ́ẹ̀gì yẹn kó tó di epo?"